Omi Tí Màámi Fi Kún Kẹ́ẹ̀gì

Ọdún mẹ́ta ni mo fi wá ọ̀nà tí yùréníọ́mù yóò fi máa rọlẹ̀ ní mímọ́. Inú òkúta ló ti ń wá, àwọn ará òkè òkun ń fi agbára rẹ̀ tan iná mànàmáná. Èmi Phebe, ará Iléṣà tí kì í rí iná, ni mo ń wádìí rẹ̀. Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín.

Ásíìdì la fi ń yọ ọ́ lára òkúta. A ó da pẹrọ́sáìdì, èyí tí nọ́ọ̀sì fi ń fọ egbò, sí i, á sì rọlẹ̀ bí ògì. Ọgbọ́n tèmi ni bí mo ṣe ń dà á díẹ̀díẹ̀ tí ìdọ̀tí kò fi ń bá a rọlẹ̀. Omi tí kò ní irin rárá ló ń fẹ́, torí irin a máa mú pẹrọ́sáìdì hó dànù; ilé ni mo sì ti ń se omi náà, tí mo ń gba ooru rẹ̀ tó ti di omi sínú kẹ́ẹ̀gì.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn olùyẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń náwó sí iṣẹ́ náà dé sí ibi iṣẹ́ mi. Òkúta tó kù kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ. Tí kò bá rọlẹ̀ lójú wọn, wọ́n á ti iṣẹ́ náà pa. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà.

Mo fi omi kẹ́ẹ̀gì mi pò ó, mo da pẹrọ́sáìdì sí i. Kàkà kó rọlẹ̀, ó hó yaya, ó dà sórí tábìlì. Omi pupa rúsúrúsú ló ṣẹ́ kù. Ọ̀gbẹ́ni Béjidé, olórí wọn, wo aago rẹ̀.

"Madam, ẹ kú ìsapá."

Wọ́n kó fáìlì wọn lọ.

Màámi, ìyá ìjọ CAC, ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ilé wa. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi gbààwẹ̀ lórí òkè àdúrà nítorí mi.

"Usẹ́ rẹ ńkọ́? Mo mọ̀ pé ó yege. Mo da omi rẹ yẹn dànù lánàá, mo fi omi àdúrà tí mo pọn lẹ́sẹ̀ òkè kún kẹ́ẹ̀gì. Tìrẹ ò tilẹ̀ ládùn."

Odò ẹsẹ̀ òkè yẹn! Irin inú rẹ̀ ti fi ìpẹtà pa gbogbo garawa wa láró. Ó yẹ kí n dákẹ́, ṣùgbọ́n inú ń bí mi.

"Màámi, ẹni tí mo ní kó fẹ́ mi lójú, ata ló fi sẹ́nu. Àdúrà yín ló pa iṣẹ́ mi."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ títí. Ó ní kí n lọ jẹun.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì mo kúnlẹ̀ kí i.

"O jíire bí?"

Mo dúró lórí eékún, mo ń retí kó ní Olúwa á ṣọ́ mi, kó ní ọ̀nà mi á là, bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀. Ó wo ibòmíràn.

"Dìde," ó ní. "Ilẹ̀ tutù."