Ọgbà Páànù Ìyá Raheem

Ọ̀sán Jímọ́ọ̀ kan ni Mùnírátù, tí gbogbo àdúgbò wọn ní Baruwa ń pè ní Ìyá Raheem, ti mọ́ṣáláṣí dé tó bá ọgbà páànù rẹ̀ nílẹ̀ gbalaja. Wọ́n ti fà á tu. Inú ọgbà náà ni wọ́n sin Tàjùdíìnì ọkọ rẹ̀ sí, àwọn tó ń sáré lọ wọ kẹ̀kẹ́ sì ti sọ ibẹ̀ di ọ̀nà àbùjá. Ipa bàtà wà lórí sàréè.

Ẹgbẹ́ onílé ló ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi páànù tàbí pákó ṣọgbà mọ́, àfi búlọ́ọ̀kù. Raheem ọmọ rẹ̀ ti lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òjò dá ná, wọ́n sì ní àwọn gbọ́. Gbígbọ́ tí wọ́n gbọ́ náà nìyẹn.

Ìyá Raheem ò bọ́ hìjáàbù tó fi kírun tó fi kọrí sílé Ṣóbọ̀wálé, alága ẹgbẹ́. Ọkùnrin náà rọra ṣàlàyé fún un pé páànù tó ti dípẹtà ń ba ojú àdúgbò jẹ́, pé òfin kan náà ló de gbogbo àwọn.

“Ilẹ̀ tí ẹ kọ́lé sí yìí, bàbá ọkọ mi ló tà á fún yín,” ni obìnrin náà wí. “Ilẹ̀ lẹ rà, Alága. Ẹ ò ra òkú wa mọ́ ọn.”

Ṣóbọ̀wálé ní òun ò mọ̀ pé sàréè wà níbẹ̀.

“Ẹ ò béèrè ni.”

Ó padà sílé, òun àti Raheem bẹ̀rẹ̀ sí í fi òòlù na páànù tó ti ká kò. Mary, aládùúgbò wọn tó jẹ́ aláṣọ funfun, gbé ìṣó wá láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Ó ti wọ sùtánà tó fẹ́ wọ̀ lọ sí ìsọjí, síbẹ̀ ó bá wọn di páànù mú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọgbà ti dìde, ó wọ́ díẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tún fẹ́ wá tu ú. Ṣóbọ̀wálé ló dá wọn dúró. Ìpàdé fẹnu kò pé kó wà bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀ẹ̀rùn, kí Raheem tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó búlọ́ọ̀kù jọ.

Alága fúnra rẹ̀ wá tọrọ àforíjì. Ìyá Raheem dá a lóhùn, ó sì gba ẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fún un ní àga.