Ìlà Kan Ṣoṣo

Ẹsẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbándé kọ́kọ́ wò. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni, kò sì dá ẹni tó kí i lóhùn. Ó kàn dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìdánwò kẹ́mísírì, ó ń wo bàtà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Sálúbàtà, padà. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ń yọjú, padà. Ìwọ, èékánná yẹn gùn ju ti àwòdì lọ, lọ gé e wá."

Àwọn mẹ́ta ti ń rojú bí ẹni fẹ́ sunkún lẹ́yìn ògiri. Nígbà tó kan Títílọlá, bàtà dúdú onírin lórí ló rí, èyí tí ọṣẹ ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Màdáámù, níbo lẹ ti rí bàtà yìí?"

"Ti ibi iṣẹ́ ni, sà. Ilé iṣẹ́ ọṣẹ ni mo wà, l'Ágbàrá."

"Ẹ wọlé."

Ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni Títílọlá. Ọdún mẹ́fà ló ti ń po ọṣẹ olómi l'Ágbàrá, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló sì ṣe ìdánwò ìwọlé kí yunifásítì tó gbà á. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Wọ́n rò pé ìwé ẹ̀rí ló ń lé kiri. Wọn ò mọ̀ pé Àlàrí ni kò jẹ́ kó sùn.

Àlàrí, ọmọ Ìwó tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan, ló máa ń rọ ọṣẹ sínú ike. Lọ́jọ́ kan, awọ ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bó bí èèpo àlùbọ́sà. Wọ́n yẹ ìwé tí wọ́n ń kọ bí ọṣẹ ṣe le tó sí wò. Ìwé ní ọṣẹ ọjọ́ náà dára, kò le ju bó ṣe yẹ lọ. Títílọlá ló kọ ìwé náà, bí gbogbo wọn ṣe máa ń kọ ọ́ ló sì ṣe kọ ọ́: òǹkà kan náà lójoojúmọ́, kí ẹnikẹ́ni tó dé ìdí àgbá. Wọ́n sọ fún Àlàrí pé ara rẹ̀ ni kò gba ọṣẹ. Ó di ẹrù rẹ̀, ó padà sí Ìwó, Títílọlá kò sì rí ẹnu sọ òótọ́ fún un títí mọ́tò fi gbéra. Ọjọ́ náà ló pinnu pé òun máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ ohun tó wà nínú àgbá, bó bá gba ogún ọdún.

Nínú yàrá ìdánwò náà, Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbándé kò fa ọ̀rọ̀ gùn. Kí wọ́n wọ gíláàsì ojú. Kí ẹnikẹ́ni má jẹ nǹkan kan níbẹ̀, títí kan ṣingọ́ọ̀mù. Kí wọ́n má da omi sínú ásíìdì láéláé, ásíìdì ni kí wọ́n máa dà sínú omi. Lẹ́yìn náà ló gbé ìwé kan sókè.

"Ìwé yìí ni mo máa fi mọ̀ yín. Bírò lẹ ó fi kọ ọ́. Ẹ ò gbọdọ̀ ya ewé, ẹ ò gbọdọ̀ pa nǹkan rẹ́. Bí ẹ bá ṣàṣìṣe, ìlà kan ṣoṣo lẹ ó fà lé e, kí n ṣì lè ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá sì kọ ohun tí ojú rẹ̀ ò rí, ọdún tó ń bọ̀ ni kó padà wá bá mi."



Ìmísíolúwa, ọmọ pásítọ̀ kan ní Ìjù, ni wọ́n yàn mọ́ Títílọlá. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó ya ọlọ́yàyà, ó sì lẹ́nu bí ẹyẹ ẹ̀gà. Wọ́n de ọ̀pá gíláàsì gígùn kan tí wọ́n fa ìlà òǹkà sí lára mọ́ irin. Búrẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é, ásíìdì ló wà nínú rẹ̀. Omi sódà, irú sódà tí wọ́n fi ń po ọṣẹ, wà nínú ìgò kan lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ti kán oògùn sí tó fi pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bíi sóbò tí wọ́n bomi là. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa kán ásíìdì sí i títí àwọ̀ náà yóò fi pòórá, kí wọ́n wá kọ iye ásíìdì tó lọ sí i. Títílọlá wo sódà náà dáadáa. Ẹbí èyí tó bó ọwọ́ Àlàrí ni.

"Àǹtí, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu," Ìmísíolúwa rọra sọ. "Mẹ́rìnlélógún àbọ̀ ni. Àwọn ti èṣí ti fi sí Wásáàpù."

Títílọlá kọ òǹkà ìbẹ̀rẹ̀ sínú ìwé rẹ̀, ó gbé bírò sílẹ̀, ó ṣí búrẹ́ẹ̀tì. Tó, tó, tó. Ó ń mi ìgò, ó ń wò. Nígbà tó dé mẹ́rìnlélógún àbọ̀, ó dá a dúró, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Omi náà ṣì pupa.

Ó yíjú sí ìwé rẹ̀. Mẹ́rìnlélógún àbọ̀ ti wà níbẹ̀, ní ojú òǹkà ìparí, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń kọ ọ́ l'Ágbàrá. Kò mọ ìgbà tó kọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti dá a kọ.

Ó kọ́kọ́ parí iṣẹ́. Nígbà tó di mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ẹ̀kán kan bọ́ sínú ìgò, àwọ̀ náà pòórá, omi mọ́ gaara. Ó tún un ṣe. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n náà ni.

"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Àǹtí mi," Ìmísíolúwa bẹ̀ ẹ́. "Ohun tí gbogbo wa kọ nìyẹn. Tí ẹ bá fagi lé e, wọ́n á bi yín ìgbà tí ẹ kọ ọ́. Ilé lẹ máa bá lọ o."

Òótọ́ lọmọ náà sọ, ẹ̀rù sì ba Títílọlá gan-an. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ìdánwò, ọdún mẹ́fà nídìí àgbá, kó wá parí lọ́jọ́ àkọ́kọ́! Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n òun ti dákẹ́ rí, ọwọ́ ẹlòmíràn ló sì bó. Ó mú bírò. Ó fa ìlà kan ṣoṣo lé òǹkà náà, ó kọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sókè rẹ̀, ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: *Mo kọ ti àkọ́kọ́ kí n tó wò ó.*

Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbándé ń gba ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n jọ láìfọwọ́ sí wọn. Ó pẹ́ lórí ti Títílọlá.

"Èwo lojú yín rí?"

"Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, sà."

"Ta ló wá kọ èyí tó wà lábẹ́?"

"Èmi náà ni, sà. Ó ti mọ́ mi lọ́wọ́ láti ibi iṣẹ́."

Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbándé yọ máàkì méjì kúrò, ó kọ ọ́ gbàgàdà, ó sì fọwọ́ sí ìwé náà. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, aago mẹ́jọ. Àwọn yòókù á kọ́kọ́ tún tòní ṣe."

Ọ̀kadà ló gbé Títílọlá gba Lùsádà àti Ìgbẹ̀sà kọjá kó lè bá iṣẹ́ aago méjì. Àgbá ọ̀sán ti kún nígbà tó dé. Dúrójaiyé, ọ̀gá wọn, na ìwé sí i.

"Ìyá Yunifásítì, ẹ kú àbọ̀. Àbẹ́ẹ̀gì, kọ nọ́ńbà sí i, ká bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́."

Ó ṣí ìwé náà, ó ń ṣí i lọ sẹ́yìn, ewé lórí ewé. Òǹkà kan náà ni, ó mọ́, ó gún régé, kò sí ìlà kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni fà lé ọ̀kankan nínú wọn. Ó ti máa ń fi ìmọ́tótó ìwé yìí yangàn tẹ́lẹ̀.

"Ọ̀gá, bébà tí wọ́n fi ń dán ọṣẹ wò, tó ń fi àwọ̀ sọ bó ṣe le tó ńkọ́?"

"Ti inú dúrọ́ọ̀ yẹn? Wọn ò ṣí i rí láti ìgbà tí mo ti dé ibí. Kọ nọ́ńbà, jàre."

"Mi ò tíì rí nọ́ńbà kankan, sà."

Títílọlá fa dúrọ́ọ̀, ó ya ọ̀rá bébà náà, ó ti ọ̀kan bọ inú ọṣẹ. Ọmọbìnrin tuntun tó gba ipò Àlàrí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá, ó ti ká apá aṣọ sókè, kò sì fi ìbọ̀wọ́ sí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Dúró ná," Títílọlá sọ fún un.

Ó dé bírò rẹ̀, ó ń wo bébà náà bó ṣe ń yí àwọ̀ padà.