Gbénró Kò Wo Bátìrì

Sàká tún yí kọ́kọ́rọ́. Iná iwájú tàn yòò, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kò tilẹ̀ wúkọ́. Ó ti já ẹrù àlùbọ́sà tán nínú tírélà láti òwúrọ̀, àwọn tó gbé tòmátì dé sì ń fun fèrè lẹ́yìn rẹ̀ kó lè kúrò fún wọn.

"Ọ̀gá, ẹ gbé mọ́tò yín kúrò jàre!" alábàárù kan pariwo. "Ṣé ẹ fẹ́ kí tòmátì wọn rà síbẹ̀ ni?"

"Ẹ ní sùúrù. Kò fẹ́ sitáàtì ni. Rẹ́wáyà mi ń bọ̀."

Gbénró, rẹ́wáyà tó ń bá a tún iná ọkọ̀ ṣe, kì í ṣe àjèjì. Ọ̀yọ́ ni àwọn méjèèjì ti wá, yàrá kan náà ni wọ́n sì jọ gbé ní Ìkòsì kí kálukú tó gbéyàwó. Ọdún mẹ́sàn-án tí Sàká ti ń wa tírélà Alhaja Modinat bọ̀ láti Òkè Ọya sí ọjà Mile 12, Gbénró nìkan ló ń fọwọ́ kan iná rẹ̀. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ máa ń pa Sàká lẹ́rìn-ín. Orí bátìrì ni yóò kọ́kọ́ mì wò. Lẹ́yìn náà ni yóò mú gílóòbù kékeré tó so mọ́ wáyà, yóò sì máa fi tọpa iná díẹ̀díẹ̀ títí dé ìdí sítátà. Bí wáyà tó já bá tilẹ̀ ń wò ó lójú, yóò ṣe gbogbo rẹ̀ tán kó tó dé ibẹ̀. Ó ní ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ ló fi ìgbájú kọ́ òun bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ yìí, púláyà nìkan ló mú lọ́wọ́. Ó kí Sàká wàràwàrà, ó gun ọkọ̀, ó tẹ̀ wọ abẹ́ sítíárì, ó sì na ọwọ́ tààrà sẹ́yìn ibi tí fíúùsì wà.

"O ò ní wo bátìrì?" Sàká bi í.

"Kì í ṣe bátìrì."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

Ọwọ́ Gbénró dúró.

"Mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀, Gbénró. Mi ò tíì sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀. Mo kàn ní kó o máa bọ̀ ni. Báwo lo ṣe mọ̀ pé ibẹ̀ yẹn ni?"

Sàká tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì tan iná fóònù síbẹ̀. Àpótí dúdú kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ ló rí. Wọ́n ti gé wáyà tó ń gbé iná lọ sí sítátà, wọ́n sì mú un gba inú àpótí náà. Sàká ti rí irú rẹ̀ rí nínú ọkọ̀ ẹlòmíì. Ẹni tó ni ín lè jókòó sílé, kó fi fóònù wo ibi tí ọkọ̀ wà, kó sì fi fóònù kan náà dá a dúró.

"Tíràkà," ni Sàká wí. "Ìwọ lo fi síbẹ̀."

"Alhaja ló ní kí n má sọ. Iṣẹ́ ni, Sàká. Bí mi ò bá ṣe é, ẹlòmíì á ṣe é."

"Ìgbà wo?"

"Oṣù tó kọjá."

Oṣù kan gbáko! Ó dun Sàká dé egungun. Àná ló yà sí Ọ̀yọ́ lọ wo ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, tó sì sùn tì í. Gbénró nìkan ló sọ fún. Gbénró ní kó bá òun kí Màmá, kò sì sọ pé, "Ọ̀rẹ́ mi, ṣọ́ra, wọ́n ń wò ẹ́."

"Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́," ni Sàká wí. Ó pe Alhaja, ó ní ọkọ̀ kọ̀, kò sitáàtì.

"Èmi ni mo pa á," Alhaja dá a lóhùn. "Kí lo gbé ọkọ̀ mi lọ ṣe l'Ọ́yọ̀ọ́ mọ́jú?"

"Ìyá mi ni mo lọ wò, mà. Ara wọn ò yá."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi? Gbé kọ́kọ́rọ́ mi wá bá mi nílé ní Ogudu. Tó o bá dé, àá mọ̀ bóyá o ṣì jẹ́ dírẹ́bà mi."

Ó gé fóònù. Gbénró sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Jẹ́ kí n so wáyà yẹn pọ̀ fún ẹ. Alhaja ò ní lè pa á mọ́, kò sì ní mọ̀ láéláé. Máa gbé ọkọ̀ lọ."

Sàká dì í lọ́wọ́ mú.

"O tà mí fún Alhaja," ó ní, "o tún fẹ́ ta Alhaja fún mi. Ju púláyà yẹn sílẹ̀."

Ó yọ kọ́kọ́rọ́. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn ìjókòó, ó fa ọ̀rá irú pẹ̀tẹ̀ kan jáde, ó sì gbé e lé Gbénró lẹ́sẹ̀.

"Màmá ní kí n fún ẹ. Wọ́n ní irú Èkó kì í dùn lẹ́nu ẹ."

"Sàká, jọ̀ọ́..."

"Wọ́n rán mi ni. Mo ti jíṣẹ́."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ àwọn tó ń fun fèrè, ó sì bọ́ sọ́nà Ogudu láti lọ sọ tẹnu rẹ̀.