Ìwé Tí Emil Hruska Fi Ìka Kà

Èmi Verna Tidwell, mi ò gba gbẹ̀rẹ́. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí kan ní Dallas, èmi ni mo sì máa ń fi kílíìpù sétí àwọn tó wá kẹ́kọ̀ọ́. Kílíìpù ọ̀hún máa ń ta iná díẹ̀ sí iṣan kan tó gba etí lọ sínú ọpọlọ, kí ohun téèyàn ń kọ́ lè tètè wọlé. Iná náà ò ju kí eèrà rìn létí èèyàn lọ. Lọ́dún yìí, àwọn tí ojú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ là ń kọ́ ní lẹ́tà àfọwọ́kà, àwọn àmì wínníwínní tó yọ sókè lórí káàdì.

Òfin wa ò pọ̀. Wákàtí kan lójúmọ́ lọ́dọ̀ mi, ó parí. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mú káàdì relé, torí bó bá lọ fi kọ́ra nílé, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá iná ló ràn án lọ́wọ́ àbí làálàá ara rẹ̀? Mo ti lé obìnrin kan rí nítorí káàdì ẹyọ kan tó há sábíyá. Ó sunkún, sunkún, mi ò tiẹ̀ wojú ẹ̀.

Ni Emil Hruska bá dé láti Ennis, ìlú kékeré kan nítòsí Dallas. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni, ìtọ̀ ṣúgà ló gba ojú rẹ̀. Ludmila ọmọ rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ gbé e wá, Bàbá á sì gbé páálí kolache dání, búrẹ́dì dídùn tí wọ́n fi èso sí láàárín, a ó jọ jẹ ẹ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ń ka ìwé mímọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Nígbà tí ojú lọ, Bernard Zapalac gbapò. Fada sì ti sọ ọ́ pé bó bá fi máa di Ọjọ́ Àjíǹde tí Emil ò tíì lè kà, Bernard ló nipò náà nìyẹn.

"Ẹ kúkú há a sórí, Bàbá," mo ní. "Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi ò ní mọ̀ ni? Ṣé mo jọ ayékòótọ́ lójú ẹ ni?"

"Bernard yẹn ò tiẹ̀ mọ̀wé kà ni?"

"Bernard! Ó máa ń kàwé bí ẹni tí ẹran ń jó mọ́ ìkòkò nílé."

Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, lẹ́tà mọ́kànlá péré ló mọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ka gbólóhùn. Iṣẹ́ wẹ́dà tó fi gbogbo ayé ẹ̀ ṣe ti sọ ìka rẹ̀ di líle. Lọ́jọ́ kan ó gbé orí lé tábìlì.

"Verna, ọmọ mi, bí mi ò bá kàwé mọ́, kí ni mò ń wá ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn? Kí wọ́n máa fà mí lọ síbi ìjókòó bí ẹrù?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí débi tí inú fi bí mi. Mo kó káàdì méjìdínlógún sínú páálí kolache tó ti ṣófo. "Ẹ ò gbà á lọ́wọ́ mi o," mo ní. "Ẹ sì gbórí sókè jàre."

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó gbawájú gbogbo wọn. Dókítà Kulkarni, ọ̀gá mi, fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. "Àǹtí Verna, ẹ wò ó! Òun la máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìwé tá a fẹ́ gbé jáde!"

Ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. Ọjọ́ méjì ni mo fi rò ó. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á yọ Bàbá kúrò, wọn ò ní fi kílíìpù sí i létí mọ́, Àjíǹde sì ku ọjọ́ méjìlá. Bí mo bá dákẹ́, àwọn dókítà ibòmíì á máa fi irọ́ mi wo èèyàn. Mo wọlé tọ Dókítà Kulkarni lọ, mo jẹ́wọ́.

"Ẹ̀yin kẹ̀?" ni Dókítà wí. "Ẹ̀yin tí ẹ lé obìnrin ọjọ́sí?" Ó fa ìlà pupa sórí nọ́ńbà Emil nínú ìwé ìwádìí, ó ti yọ ọ́ nìyẹn, ó kọ ìwé ìkìlọ̀ fún mi, ó ní kí n lọ sọ fún Bàbá pé kò ní lo kílíìpù mọ́.

Mo wakọ̀ lọ sí Ennis, ojú ń tì mí. Bàbá gbọ́ ọ tán, ó béèrè:

"Wọ́n á gba káàdì náà?"

"Dókítà ò dárúkọ káàdì."

Ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Kí lo wá dúró ṣe níbí? Máa lọ ilé ẹ, mo fẹ́ kàwé!"

Lọ́jọ́ Àjíǹde, èmi àti Dókítà, tó ní òun náà fẹ́ wá gbọ́, jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀kọ́ tí Bernard ń fi ìṣẹ́jú mẹ́ta kà, Emil ti lo mẹ́fà, kò tíì dé ìparí. Ìka rẹ̀ há síbì kan lórí ìwé àfọwọ́kà tó wà níwájú rẹ̀. Ó padà, ó tún padà. Bernard dìde láti sọ ọ̀rọ̀ náà sí i létí, Emil na ọwọ́ kejì sókè: rárá. Mò ń sunkún gbangba, mi ò tijú ẹnikẹ́ni. Ó rí ọ̀rọ̀ náà, ó pè é, ó kà á dópin.

"Iná ni àbí káàdì?" Dókítà sọ sí mi létí.

"A ò lè mọ̀ mọ́ láyé. Èmi ni mo bà á jẹ́."

"Ẹ bà á jẹ́ lóòótọ́," ó ní, ó ń nu ojú tiẹ̀ náà.

Nígbà tí ìsìn parí, Emil di Fada lápá mú lẹ́nu ọ̀nà. "Fada, ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́?"

"Ó gùn o, Emil."

"Ẹ tètè jẹ́ kó tẹ̀ mí lọ́wọ́, kí n bẹ̀rẹ̀ lónìí."