Wáyà Tí A Ká Sí Ìgbọ̀nwọ́

Òfin kan wà nílé iṣẹ́ bàbá mi tí ó ju gbogbo òfin yòókù lọ: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ká wáyà sí ìgbọ̀nwọ́. Ilé iṣẹ́ náà kò ju yàrá ẹ̀yìnkùlé wa lọ, níbi tí sípíkà, máíkì àti àpótí wáyà kún dé òrùlé. A máa ń kó wọn lọ síbikíbi tí àwọn ènìyàn bá ti fẹ́ kí ohùn wọn rinlẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ni à ń ká wáyà sí. Kíká kan a gba òkè, èkejì a gba abẹ́, kí èkejì lè máa tú ohun tí èkíní lọ́. Bí a bá ká a bẹ́ẹ̀, tí a dì í, tí a tò ó sínú àpótí láìgbé nǹkan kan lé e, ọjọ́ tí a bá jù ú sílẹ̀ yóò na gbọọrọ. Bí a bá ká a sí ìgbọ̀nwọ́, yóò lọ́, yóò ta kókó. "Wáyà kì í gbàgbé ìyà," ni bàbá mi máa ń wí, ó sì ti fọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ létí lórí ọ̀rọ̀ náà.

Èmi ni àkọ́bí rẹ̀ obìnrin. Mo ti gba oyè ní yunifásítì, mo sì ń bá a gbé àpótí títí iṣẹ́ tí mo kọ́ yóò fi wá mi rí. Iṣẹ́ náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í wá mi. Ẹni kejì tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ ni ọkùnrin kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Kúkúrú-bí-Ikú, òun náà a sì máa jẹ́ ẹ láìbínú. Ó ti wà lọ́dọ̀ bàbá mi kí n tó mọ ìwé kà. Yunifásítì ni ó ń pè mí. Bọ̀dá ni mo ń pè é.

Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ kan ń fẹ̀yìntì, ìyá àgbàlagbà tí ohùn rẹ̀ kò ga mọ́. Gbọ̀ngàn kún. Nígbà tí Bọ̀dá ju wáyà gígùn, èyí tí ó so orí ìtàgé pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ tí bàbá mi ń jókòó tì, kò na. Ó ta kókó bí ìfun ẹran. Àyè kò sí láti tú u, a sì fà á bẹ́ẹ̀. Ìyá náà ń dárúkọ àwọn olùkọ́ tí wọ́n ti kú lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí kókó kan há mọ́ ẹsẹ̀ àga, orí wáyà já, ohùn rẹ̀ sì pa. Ẹnu rẹ̀ ṣì ń ṣí, ó ń padé. Kò tètè mọ̀ pé a kò gbọ́ òun mọ́.

Gbogbo ojú yí sẹ́yìn. Bàbá mi dìde. Kò wo wáyà náà rárá. Ó nàka sí Bọ̀dá níwájú olùkọ́, òbí àti akẹ́kọ̀ọ́.

"Ìgbọ̀nwọ́ ni o ká a sí," ó ní. "Má padà wá sí ilé iṣẹ́ mi mọ́."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín. Bọ̀dá tẹríba, ó ní kí ọ̀gá má bínú, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ojú tì mí nítorí rẹ̀, nítorí mo gbà pé òun ló ṣe é.

Lọ́jọ́ kejì, mo tẹ́ wáyà náà sí àgbàlá láti wo ibi tí ó ti bàjẹ́. Ó dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹ́po léraléra, àlàfo tó wà láàrin ìṣẹ́po kan àti èkejì sì bára mu. Ìwọ̀n apá ẹni tí ó ká a ni. Mo gbé apá tèmi lé e, kò tó. Apá Bọ̀dá sì kúrú ju tèmi lọ: ẹ̀fẹ̀ tí a ti fi í ṣe títí ni pé ó gbọ́dọ̀ gun àpótí kí ó tó lè fọwọ́ kan etí ara rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni apá rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ nínú wa.

Bọ̀dá bá mi níbẹ̀. Ó wá kó bàtà iṣẹ́ rẹ̀. Mo kí i, ó ní wọ́n máa ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Òun rèé, tí òun jẹ́ méjèèjì pọ̀ lánàá. Lẹ́yìn náà ni ó rí apá mi lórí wáyà.

"Yunifásítì, ká a padà."

"Bọ̀dá, ẹ̀yin kọ́ lẹ ká a."

"Ṣé mo sọ fún ẹ pé èmi ni?"

"Ẹ ò sọ pé ẹ̀yin kọ́."

Ó jókòó sórí àpótí. Ó ní ọwọ́ ọ̀tún ọ̀gá ti ń kú díẹ̀díẹ̀, pé ìka wọn kò lè yí wáyà mọ́, pé òun ti ń tètè dé láàárọ̀ láti tú èyí tí wọ́n bá ká, kí òun sì tún un ká. Lọ́sẹ̀ ìfẹ̀yìntì náà ni ọ̀gá mú kọ́kọ́rọ́ ilé iṣẹ́ sọ́dọ̀, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé. Mo rántí pé ọwọ́ òsì ni bàbá mi fi ń mu tíì báyìí. Mo rántí bọ́tìnì rẹ̀ tí ìyá mi ń bá a dè. Ilé kan náà ni a jọ ń gbé, n kò sì rí nǹkan kan.

"Bí àwọn ènìyàn bá gbọ́ pé ọwọ́ ọ̀gá ti rọ, ta ni yóò tún pè wọ́n síṣẹ́?" Bọ̀dá ní. "Èmi á ríṣẹ́ síbòmíràn."

Irọ́ ni. Kò sí ẹni tí yóò gba ẹni tí a lé ní gbangba pé kò mọ wáyà ká.

Inú bí mi, ṣùgbọ́n kò bí mi débi ariwo. Mo ká wáyà náà bí a ṣe kọ́ mi, mo gbé e wọ pálọ̀, mo sì bẹ bàbá mi kí ó na apá ọ̀tún rẹ̀. Ó bi mí pé kí ni fún. Mo tẹ́ ìṣẹ́po wáyà kan lé apá náà láti àtẹ́lẹwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Kò dín, kò lé. Ìyá mi kọjú sí ògiri. Mo wá rí i pé òun náà ti mọ̀.

"Ta lo ti sọ fún?" bàbá mi béèrè.

"Kò sẹ́ni tí mo sọ fún. Ṣùgbọ́n gbangba lẹ ti dójú ti Bọ̀dá, bàbá mi. Ẹ ò lè tún un ṣe ní kọ̀rọ̀."

"Ṣé o mọ ohun tí ò ń béèrè?"

Mo ní mo mọ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ náà fún wa ní ìpàdé òwúrọ̀ kan kí ìyá náà lè parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pe Bọ̀dá. Ìyá náà ka orúkọ àwọn òkú rẹ̀ dópin, gbogbo wa gbọ́. Nígbà náà ni bàbá mi gba máíkì.

"Ọkùnrin tí mo lé níbí kọ́ ló ká wáyà sí ìgbọ̀nwọ́," ó ní. "Èmi ni."

Wọn kò gbà á gbọ́. Olùkọ́ kan níwájú sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé ẹ ò rí àgbà, ó ń fi ara rẹ̀ bo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́, gbogbo gbọ̀ngàn sì gbà á. Àpọ́nlé tí ó yẹ Bọ̀dá tún ń padà sọ́dọ̀ bàbá mi. Ó wò mí. Bí mo bá mi orí lásán pé ó tó, yóò jókòó. N kò mi orí.

Ó gbé máíkì sílẹ̀. Ó bọ́ sílẹ̀ láti orí ìtàgé, ó mú wáyà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká a sí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún. Kíká kìíní dúró. Èkejì bọ́. Ó tún un mú. Ìka rẹ̀ là sílẹ̀ bí ti ọmọ tí ó ti sùn, gbogbo wáyà sì dà sórí bàtà rẹ̀. Àtẹ́wọ́ náà ń kú ní ìlà kọ̀ọ̀kan láti iwájú dé ẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá mi tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀, èmi náà kò sì mọ ibi tí ojú tèmi yóò wà. Mo jàre. N kò rò ó rí pé ènìyàn lè jàre kí ojú sì tì í tó bẹ́ẹ̀.

Bọ̀dá ni ó rìn lọ bá a. Ó di orí wáyà mú.

"Ọ̀gá, ẹ fi ọwọ́ òsì gba òkè," ó rọra sọ. "Èmi á máa gba abẹ́."

Wọ́n ká a bẹ́ẹ̀, òkè, abẹ́, òkè, abẹ́, ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú, títí ó fi tán. Bàbá mi kò wò mí mọ́ títí a fi kúrò níbẹ̀.

"Yunifásítì," Bọ̀dá ní, kò gbójú sókè. "Gbé àpótí."

Mo gbé e wá. Wọ́n tò ó sí i. N kò gbé nǹkan kan lé e.