Ẹyẹ Tí Mulyono Yà

Endah ni ọmọ kan ṣoṣo tí Mulyono àti Wagiyem bí, ó sì ti lọ ṣiṣẹ́ sí ìlú Surabaya. Àwọn méjèèjì nìkan ló kù sílé ní ìlú Lasem níbí. Ó ju ogójì ọdún lọ tí wọ́n ti jọ ń ṣe bátíkì: ọkọ a fi pẹ́ńsù ya ọnà sára aṣọ funfun, ìyàwó a fi ìda gbígbóná tọ ojú ìlà náà kí aró má baà wọ ibẹ̀. Èmi ni mo ń bá wọn yọ́ ìda. Ìṣojú mi ni gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí Mulyono bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan, a ní ogbó ni. Ó di ọjọ́ kan, ó ṣìnà ilé. Ó tún di ọjọ́ kan, ó bi ìyàwó rẹ̀ léèrè pé ọmọ ta ni í ṣe. Bí Wagiyem ṣe pa iṣẹ́ tì nìyẹn.

"Ta ni mo fẹ́ máa ṣe é fún?" ó bi mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a bá Mulyono lórí àpótí rẹ̀ àtijọ́. Ó tẹ́ aṣọ oníbàárà sórí ẹsẹ̀, ó ń fa ìlà wúruwùru. Mo sáré fẹ́ gbà á.

"Fi í sílẹ̀," Wagiyem wí. "Bàbá Endah, kí lẹ ń yà?"

"Ẹyẹ ni. Àbí o fọ́jú?"

"Ẹyẹ wo ni kò lórí?"

"Ó ń sùn. Ó ti kó orí sábẹ́ ìyẹ́."

Ẹ̀rín pa Wagiyem títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Yọ́ ìda," ó sọ fún mi.

Ó wá aṣọ mìíràn fún oníbàárà. Láti ọjọ́ náà, kí n tó dé ni yóò ti jókòó ti ọkọ rẹ̀.

"Tó bá ń yà á," ó ní, "mo mọ ohun tí ọwọ́ mi máa ṣe. Tí kò bá yà á, mo kàn ń wò ó níran ni."

Aṣọ dé ìdajì, Mulyono dúró. Ó yí pẹ́ńsù náà síwá sẹ́yìn, ó fi í sẹ́nu. Wagiyem di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń bá a fa ìlà.

"Díẹ̀ sí i, Bàbá Endah. Ẹ jọ̀ọ́, díẹ̀ péré."

Bàbá náà bú sẹ́kún bí ọmọ tí wọ́n nà tí kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ jọ̀wọ́ ọwọ́ náà.

"Ìyá Endah, ẹ kúkú fúnra yín yà á parí," mo ní.

"Mi ò mọ ohun tó fẹ́ fi síbẹ̀."

A rẹ ẹ́ ní aró pupa bẹ́ẹ̀, a se ìda kúrò lára rẹ̀. Apá kan kún fún ẹyẹ, apá kejì pupa lásán. Wagiyem sá a síwájú ọkọ rẹ̀.

Ó wò ó pẹ́. "Ó dára. Ta ló ṣe é?"

"Àwa méjèèjì."

"Àwa wo?"

Kì í ṣe pé bàbá ń ṣe yẹ̀yẹ́. Wagiyem yíjú wò mí bí ẹni pé èmi ni mo mọ èsì. Ó bu ìrẹsì sínú ṣíbí, ó ní kí bàbá la ẹnu.