Mo Wọn Gbòǹgbò Àgbálùmọ̀ Láì Gbẹ́lẹ̀

Ẹ fi káàdì àwọn aboyún yẹn sílẹ̀ ná, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ gbọ́ àlá tí mo lá mọ́jú òní. Ẹ̀rín ń pa mí báyìí o, ṣùgbọ́n nínú àlá yẹn, mi ò rẹ́rìn-ín rárá.

Mo jókòó sábẹ́ igi àgbálùmọ̀ ẹ̀yìnkùlé wa, ni mo bá gbójú sókè. Ọ́fíìsì kan ló léfòó lójú òfurufú, tòun ti àtẹ̀gùn, tòun ti àwọn èèyàn tó tò síta tí wọ́n ń dúró de fọ́ọ̀mù. Kò yà mí lẹ́nu. Mo kàn ní, "Wọ́n kúkú ti ṣí lónìí."

Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ wá, ó so táì, ó gbé ṣọ́bìrì lé èjìká. Ó ní Ọ̀gbẹ́ni Láníyọnu lorúkọ òun, òun sì ni ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ gbòǹgbò.

"Màmá, ẹ káàárọ̀. Gbòǹgbò igi yín ló ti ọ́fíìsì wa sókè. A fẹ́ hú u, ká lè mọ bó ṣe gùn tó. Tó bá dé abẹ́ wa, a ó gé igi náà."

"Tí kò bá wá débẹ̀ ńkọ́?"

"A ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín."

Ẹ ẹ̀ mọ igi yẹn ni. Ìdí rẹ̀ ni ìyá ọkọ mi, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn, sin ìwọ́ àwọn ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí. Èyí tó wà ní Kánádà máa ń béèrè igi yẹn lórí fóònù kó tó béèrè èmi gan-an. Tí wọ́n bá hú u, kí ni mo fẹ́ sọ fún un?

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń gbẹ̀bí. Ṣé a máa ń la ikùn aboyún ká tó mọ oṣù tí oyún rẹ̀ wà?"

Ó ronú sí i. Bó ṣe ń ronú ni irùngbọ̀n ń hù ní àgbọ̀n rẹ̀, ìwo méjì yọ lórí, ó di òbúkọ. Táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mi ò yéé pè é ní ọ̀gá, torí ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

"Mẹ́ẹ̀ẹ̀," ó ní. "Mo fún yín ní wákàtí kan kí ẹ fi wọ̀n ọ́n láì gbẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá fi lè dá egbò kan sí i lára, a ó hú u."

Ni mo bá fa téèpù yọ lápò, mo fi yí ìdí igi náà ká. Téèpù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. "Ìyá Ìbídùn, ikùn èèyàn lẹ gbà mí fún o. Èyí le jù."

"Ìwọ ṣáà sọ nọ́ńbà."

"Ó fi ìka méjì sanra ju ti èṣí lọ. Ara rẹ̀ yá."

Mo dùbúlẹ̀ gbalaja, mo gbé ìwo onígi tí a fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ lé ilẹ̀, mo dẹtí. Ibi tí gbòǹgbò bá wà, á dún kì-kì-kì. Ibi tí kò bá sí, kẹ́kẹ́ pa. Mo ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì, mo ń wọ́ lọ. Nígbà tí mo wọ́ dé ẹ̀gbẹ́ kànga, yàrá ìrọbí ni mo bá ara mi. Gbòǹgbò ló sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, ó da aṣọ bo ẹsẹ̀. Mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

"Áà, nọ́ọ̀sì, ọwọ́ yín mà tutù o!"

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Ibo lẹ parí sí?"

"Balùwẹ̀ yín ni mo parí sí, mo ń mu omi. Kí ni mo fẹ́ wá lọ sí ọ́fíìsì wọn? Wọn ò lómi."

Mo fò dìde. "Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlá péré! Kò dé ọ̀dọ̀ yín!"

Òbúkọ fi pátákò ara rẹ̀ wọn àmì ṣọ́ọ̀kì mi, ó sì rí i pé òótọ́ ni. "Mẹ́ẹ̀ẹ̀. Kí ló wá gbé wa sókè?"

Ìyá arúgbó kan tó wà lórí ìlà nawọ́ ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì náà. Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀! Kóòtù nìkan ni wọ́n kọ́ sẹ́yìn àga kọ̀ọ̀kan. Fífúyẹ́ ni ọ́fíìsì náà fúyẹ́, ló ṣe léfòó.

Ojú ti òbúkọ. Ó jẹ ìwé àṣẹ tó mú wá, ó jẹ ẹ́ tán pátápátá, ó ní kí igi máa wà níbẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo bú sẹ́kún. Mo tún dùbúlẹ̀, mo fetí lélẹ̀ kí n lè sọ fún gbòǹgbò pé ó ti bọ́. Ilẹ̀ dáhùn: gbùrùgbùrù-gbùùù!

Ni mo bá jí. Orí ikùn Bàbá Ìbídùn ni mo fetí lé.

"Kí lo ń wá níbẹ̀?" wọ́n ní.

"Ẹ̀wà tí mo fi pamọ́ fún àárọ̀, ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́."

Wọ́n la ojú kan. "Ta ló sọ fún ẹ?"

Mo ní, "Ẹ yí ẹ̀gbẹ́ kejì ná, kí n mọ bó ṣe pọ̀ tó."